Ìkìlọ̀ fún Ará Kokomlemle: Ẹ Má Fọwọ́ Ara Yín Gbin Ajagungbalẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ní àgbàlá ní Kokomlemle, ní Accra níbí, yálà ẹ̀yin lẹ nilé tàbí ẹ yá a gbé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ fẹ́ kí ẹyẹ padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ labalábá lójúkojú, kí oyin rí òdòdó bà lé, kí alángbá rí kòkòrò jẹ. Èrò rere ni, mo sì ń gbà á ládùúrà pé kó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn lọ bá àwọn tó ń ta òdòdó létí títì, tí ẹ ra èyí tó bá ti wu ojú, tí ẹ sì gbìn ín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wàhálà lẹ fi owó yín rà. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò ní oúnjẹ tó tó nǹkan fún ẹ̀dá ilẹ̀ yìí. Àwọn kan nínú wọn tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ajagungbalẹ̀ ni wọ́n. Ẹ ó gbìn wọ́n sí igun kan, wọn ó gba gbogbo àgbàlá, wọn ó fo fẹ́ǹsì, wọn ó wọ ilẹ̀ onílẹ̀, wọn ó sì wọ igbó tí ìjọba fi pamọ́. Mo ń kì yín nílọ̀ kí ẹ tó gbẹ́ kòtò: ẹ má gbin ohun tí ẹ kò mọ ìran rẹ̀.

Ó yẹ kí ará Kokomlemle mọ ohun tí ìjà ilẹ̀ ń fojú ẹni rí. Lórí ilẹ̀ àdúgbò yìí ni àwọn ìdílé àti ìjòyè Gá ti pera wọn lẹ́jọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kóòtù fi kó gbogbo ẹjọ́ náà pọ̀, tí àwọn agbẹjọ́rò sì ń pè é ní Kokomlemle Consolidated Cases títí dòní. Wọ́n dá ẹjọ́ náà ní 1951, wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó sì di 1961 kó tó parí níwájú Privy Council ní London. Àwọn tó jà mọ̀ pé ilẹ̀ níye lórí, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti lè gbèjà rẹ̀. Ewéko tó ń gbalẹ̀ kò ní kóòtù tí a lè pè é sí. Kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti gba ilẹ̀ yín, irúgbìn rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ ilé mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí gbogbo yín mọ̀. Nílé, nílẹ̀ Yorùbá, ewé Akíntọ́lá ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ní Ghana, Acheampong ni. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un ni Chromolaena odorata. Ẹ wò ó dáadáa: méjì méjì ni ewé rẹ̀ ń yọ ní ìdojúkọ ara wọn, iṣan mẹ́ta sì là jáde láti ìdí ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹsẹ̀ adìẹ. Ẹ rún un lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ á gbòde. Bí ọyẹ́ bá ti ń súnmọ́, yóò yọ òdòdó funfun tó ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó náà yóò sì di irúgbìn tín-ín-rín onírun tí atẹ́gùn ń gbé lọ síbi tó bá wù ú. A ń fi ewé rẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà Àárín àti ti Gúúsù ni ìran rẹ̀ ti wá, òdòdó ọgbà sì ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé e dé ọgbà ewéko Calcutta ní Íńdíà ní ọ̀rúndún 19. Láti Éṣíà ló ti bá irúgbìn igi Gmelina wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí 1937. Ní Ghana, ọgbà ewéko Yunifásítì tó wà ní Legon ni wọ́n ti kọ́kọ́ kíyè sí i ní 1969. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti tàn ká ìgbèríko. Ìgbà ìjọba Ọ̀gágun Acheampong ni, orúkọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Kí ló ṣe tó burú? Ó ń bo ọmọ igi mọ́lẹ̀ kí oòrùn má lè dé ara wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á gbẹ, á di epo fún iná ìgbẹ́. Iná á jó ohun gbogbo tó yí i ká, òun á sì hù padà láti ìdí. Òdòdó rẹ̀ tún ń fa tata olóòórùn tí wọ́n ń pè ní Zonocerus variegatus mọ́ra. Májèlé inú òdòdó náà ni tata yìí ń jẹ, òun ló fi ń dáàbò bo ẹyin rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ wà lára ibi tó ti ń jẹun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Ghana ní láti kó irú àfòpiná kan wọlé láti òkè òkun kí ọmọ rẹ̀ lè máa jẹ ewé Acheampong. Ó dín in kù láwọn ibì kan, kò pa á run.

Ní 1969 kan náà, àwọn onímọ̀ igbó gbé igi kan tó ń jẹ́ Broussonetia papyrifera láti Éṣíà wá sí Ghana, kí wọ́n lè dán an wò bóyá yóò ṣeé fi ṣe bébà. Igbó ọba Pra-Anum àti Afram Headwaters ni wọ́n gbìn ín sí. Ẹyẹ àti àdán jẹ èso rẹ̀ tó pọ́n, wọ́n sì gbé irúgbìn rẹ̀ jáde. Lónìí, igi tí àwọn ará ìgbèríko ń pè ní York yìí wà lára àwọn ajagungbalẹ̀ tó ń dààmú igbó Ghana jù lọ. Àwọn tó gbé e wá kì í ṣe òpè, ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n sì ń ṣe. Bí ohun tí ọ̀mọ̀wé fara balẹ̀ gbìn bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí èyí tí a rà láìbèèrè orúkọ rẹ̀?

Mo mọ̀ pé ọdún 1969 kò ṣàjèjì létí Yorùbá tó ń gbé Accra. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Ghana lábẹ́ Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ẹ̀bá Kokomlemle níbí, ní New Town tí wọ́n ń pè ní Lagos Town tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn wa fi ọjà àti ilé sílẹ̀ lọ. Nítorí náà, n kò lè sọ̀rọ̀ àjèjì bí ẹni tí kò mọ bó ṣe ń dunni. Èèyàn kì í ṣe ewéko. Èèyàn á gbọ́ èdè ìlú, á fẹ́yàwó níbẹ̀, á san owó orí, á bí ọmọ tí yóò ṣe ìlú náà lóore. Òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ni wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn lọ́dún yẹn. Ẹnikẹ́ni kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ewé Acheampong àti igi York, àwọn gan-an ló sì wá gbalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi bú ọmọ èèyàn. Ewéko tí kò ní ọ̀tá níbi tí a gbé e dé ni mo ń kìlọ̀ lé lórí.

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo ewéko àjèjì ló burú. Máńgòrò ti Éṣíà wá, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ti Amẹ́ríkà wá. Kòkó tó gbé Ghana ga lágbàáyé, Tetteh Quarshie ló kó èso rẹ̀ láti Fernando Po wá sí Mampong ní Akuapem ní 1879. Wọ́n ń bọ́ wa, wọn kì í sì í fúnra wọn tàn ká kí wọ́n gba igbó. Igi ilẹ̀ wa pàápàá lè di ìyọnu níbòmíràn. Ẹ wo orúrù, igi olódòdó pupa fòò yẹn. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, Gold Coast ni òyìnbó sì ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1787. Níbí, ẹyẹ ń mu omi dídùn inú òdòdó rẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n gbé e lọ ṣe ọ̀ṣọ́ ní Hawaii, ní Fiji àti ní Queensland ní Ọsirélíà, ó sì di ajagungbalẹ̀ níbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi wọ àkọsílẹ̀ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dá àjèjì tó burú jù lọ lágbàáyé, èyí tí àjọ IUCN gbé jáde ní 2000. Acheampong wà nínú àkọsílẹ̀ kan náà. Ibi tí a gbin ewéko sí ló ń sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá.

Ẹ̀tàn kan wà tó wọ́pọ̀, ẹ má gbà á. Ẹni tó ń ta òdòdó á ní, “Ẹ mú èyí, kòkòrò kì í fọwọ́ kan ewé rẹ̀.” Fún ẹni tó fẹ́ kí ẹyẹ wá gbé àgbàlá òun, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó lé e sá. Ẹ̀gà tó ń jẹ ọkà kì í fi ọkà nìkan bọ́ ọmọ rẹ̀. Kòkòrò ló ń já wá fún un nínú ìtẹ́. Àgbàlá tí kòkòrò kò ti rí ewé jẹ, ebi ni yóò pa ọmọ ẹyẹ níbẹ̀, bó ti wù kí òdòdó ibẹ̀ lẹ́wà tó. Ẹ wo dóńgóyárò. Ilẹ̀ Íńdíà ni ìran rẹ̀ ti wá, ó sì ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti wà ní Ghana. À ń sè é mu nítorí ibà, a sì ń fi òróró rẹ̀ lé kòkòrò. Agbára tó fi ń lé kòkòrò yẹn náà ni kì í jẹ́ kí ẹyẹ rí nǹkan ṣà lórí ewé rẹ̀. Èso rẹ̀ ni ẹyẹ àti àdán ń jẹ, wọ́n á sì yà á sábẹ́ àwọn igi tó ṣẹ́ kù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra. Ibẹ̀ ni yóò hù sí, ibẹ̀ ni yóò sì ti gba àyè lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá fi í wé bọ̀mùbọmù, tí a máa ń gé dànù létí ọ̀nà bí ẹni gbá ìdọ̀tí. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ní ìyẹ̀fun funfun lára. Bí ẹ bá já a, oje funfun á dà. Ẹ rọra ṣí ewé rẹ̀ wò lábẹ́. Bí ẹ bá ṣe oríire, ẹ ó rí ẹyin kékeré kan ṣoṣo tó lẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, kòkòrò kan yóò jáde nínú rẹ̀, ìlà dúdú, funfun àti yẹ́lò yóò yí ara rẹ̀ po, ìwo rírọ̀ dúdú méjì méjì yóò sì wà níbi mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Oje tó lè pa ẹlòmíràn lára ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tó bá jẹun yó, yóò so ara rẹ̀ rọ̀, yóò sì di labalábá aláwọ̀ ọsàn tó pọ́n, tí ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ dúdú pẹ̀lú àmì funfun. Ẹyẹ kì í fẹ́ jẹ ẹ́, nítorí oje tó jẹ nígbà èwe ṣì wà lára rẹ̀. Danaus chrysippus ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Bọ̀mùbọmù àti àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan ló fi ń tọ́ ọmọ. Bí a bá mú wọn kúrò ní àdúgbò, a ti lé labalábá náà lọ, òdòdó olówó iyebíye kankan kò sì lè dá a padà.

Ewu àgbàlá kan kì í dúró sí àgbàlá kan. Àwọn ẹyẹ tí ẹ ń pè wá ni yóò gbé irúgbìn jáde. Ẹ̀wọ̀n adẹ́lé, tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣe ọgbà nítorí òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi, ń so èso dúdú kéékèèké tí ẹyẹ fẹ́ràn. Ewé rẹ̀ ń ṣe màlúù àti àgùntàn ní jàm̀bá, igbó ẹlẹ́gùn-ún ló sì ń dà níbi tó bá ti ráyè. Òun náà wà nínú àkọsílẹ̀ IUCN. Bẹ́ẹ̀ náà ni òdòdó yẹ́lò tó ń rá nílẹ̀, Sphagneticola trilobata, tí àwọn tó ń ṣe ọgbà fi ń bo ilẹ̀ dípò koríko. Gbogbo oríkèé rẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò. Èyí tí ẹ bá gé sọ sí gọ́tà lè hù síbi tí omi bá gbé e dé. Gọ́tà wa ń dà sínú odò Odaw, Odaw ń lọ sí ọ̀sà Korle. Igbó Achimota, tí ìjọba fi pamọ́ ní 1930, kò jìnnà sí ẹyẹ tó gbéra ní Kokomlemle. Lápá Katamanso, igbó òrìṣà Pinkwae ṣì dúró nítorí pé àṣà kò jẹ́ kí wọ́n gé e. Ó wà lára ibi díẹ̀ tí a ti lè fojú rí igbó àtijọ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí. Àáké bẹ̀rù ibẹ̀. Irúgbìn tó wà nínú ìgbẹ́ ẹyẹ kò mọ èèwọ̀ òrìṣà.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó bi àwọn apẹja Èkó. Koríko ojú omi tó ní òdòdó àlùkò, tí ìran rẹ̀ ti odò Amazon wá, tí àwọn èèyàn sì gbé kiri ayé nítorí ẹwà rẹ̀, gba ọ̀nà omi Badagry wọlé ní 1984. Títí dòní ló ń dí ọ̀nà ọkọ̀, tó ń ba àwọ̀n jẹ́. Àwọn ará wa ní London mọ Japanese knotweed: òdòdó ọgbà ni wọ́n kó o wọlé fún ní ọ̀rúndún 19, lónìí wọ́n ń bi ẹni tó fẹ́ ta ilé léèrè bóyá ó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ìròyìn àjọ IPBES tó jáde ní Bonn ní 2023 sọ pé irú ẹ̀dá tó lé ní 37,000 ni ọwọ́ èèyàn ti gbé dé ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, pé ó lé ní 3,500 nínú wọn tó ń ṣe ìpalára, àti pé òfò tí wọ́n ń fà lọ́dún ti kọjá bílíọ̀nù 423 dọ́là. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Kí ìbẹ̀rù yìí má sì lé yín lọ bá kankéré. Ẹlòmíràn á ní bí ewéko bá léwu tó báyìí, kí òun kúkú fi íntálọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀. Ẹ má dán an wò. Àwa tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ Circle kò gbọdọ̀ gbàgbé alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2015. Òjò rọ̀, omi kò rí ibi gbà, àwọn èèyàn sá sí ilé epo kan ní Kwame Nkrumah Circle, ilé epo náà sì gbiná. Ẹ̀mí tó ṣòfò níbẹ̀ lé ní 150. Pàǹtírí inú gọ́tà àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi lẹ́bi tó pọ̀ nínú ìkún omi ìlú yìí. Ṣùgbọ́n gbogbo àgbàlá tí a bá fi kankéré dé pa ń da omi tirẹ̀ kún un. Ilẹ̀ tí gbòǹgbò wà nínú rẹ̀ ń mu omi. Ẹ fi ilẹ̀ yín sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ sì fi igi ilẹ̀ yìí bò ó.

Ẹ gbin akòko. Bí ẹ bá gé ẹ̀ka rẹ̀ gún sílẹ̀ nígbà òjò, yóò yè; ẹ tò ó ṣe ọgbà dípò ẹ̀wọ̀n adẹ́lé. Ẹ gbin pèrègún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ gbin àwìn, tí àwọn Gá ń pè ní yooyi. Ilẹ̀ etíkun yìí bá a lára mu. Ẹ jẹ́ kí igi ewúro kan dàgbà kó yọ òdòdó, ẹ má já gbogbo ewé rẹ̀ sínú ọbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀fìnrìn náà sílẹ̀ kó yọ òdòdó, ẹ ó rí bí oyin ṣe máa rọ́ wá. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ lè gbin orúrù tàbí ọdán, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí ilé, nítorí gbòǹgbò ọdán a máa la ògiri. Ẹ fi bọ̀mùbọmù kan sí igun tó ní oòrùn, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, torí oje rẹ̀ a máa pa ojú lára. Òjò Accra kò pọ̀, nǹkan bí mìlímítà 750 sí 800 lọ́dún. Igi tí ilẹ̀ yìí ti bí kò ní í fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀ yín fún omi.

Ní ti ìṣọ́ra, ẹ gbọ́ èyí bí àṣẹ. Ẹ má ra ewéko kankan láìbèèrè ibi tí ìran rẹ̀ ti wá, bóyá kòkòrò ń jẹ ewé rẹ̀, àti ohun tó ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá rí Acheampong lágbàlá, ẹ wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó yọ òdòdó, ẹ sá a sójú oòrùn kó gbẹ pátápátá, ẹ má sọ ọ́ sí gọ́tà. Ẹ má lo oògùn apakoríko, torí oyin àti ọ̀pọ̀lọ́ tí ẹ ń pè wá kò lè fara da gbogbo ohun tí ẹ bá fọ́n. Ọjọ́ tí ẹ bá ti wú u ni kí ẹ gbin nǹkan mìíràn rọ́pò, nítorí ilẹ̀ òfìfo ni ajagungbalẹ̀ ń wá. Ọpọ́n omi tí ẹ bá gbé kalẹ̀ fún ẹyẹ, ẹ máa fọ̀ ọ́, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ̀fọn má bàa yé ẹyin síbẹ̀. Ní 2022, wọ́n rí Anopheles stephensi ní Accra, ẹ̀fọn ibà láti Éṣíà tó ń yé ẹyin sínú omi tí a gbé pamọ́ sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti London tàbí Amẹ́ríkà bọ̀, ẹ má fi irúgbìn òdòdó sínú àpótí. Òfin Ghana, Act 803 ti 2010, ní ìlànà fún kíkó ewéko wọ ilẹ̀ yìí. Yàtọ̀ sí ti òfin, páálí irúgbìn kan tó ohun tí yóò dá wàhálà ọgọ́rùn-ún ọdún sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀wọ̀n adẹ́lé tàbí Acheampong lágbàlá lónìí, ọ̀sẹ̀ yìí ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í wú u, kó má dúró de ọyẹ́. Bó bá ti fo fẹ́ǹsì, aládùúgbò ni yóò jìyà rẹ̀ láìmọ ẹni tó gbìn ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbìn ín mọ̀, ọrùn yín sì ni ẹ̀bi rẹ̀ yóò wà.